Níbo ni owó kọ́lẹ́ẹ̀jì ń wọlé sí? Àyẹ̀wò ìkànnì College Navigator

Kí òbí tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀yáwó kankan nítorí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Amẹ́ríkà, ìkànnì kan wà tó yẹ kó kọ́kọ́ ṣí. College Navigator ni orúkọ rẹ̀, nces.ed.gov/collegenavigator sì ni àdírẹ́sì rẹ̀. NCES, ọ́fíìsì tó ń kó ìṣirò ètò ẹ̀kọ́ jọ lábẹ́ Ẹ̀ka Ètò Ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀, ló ni ín. Ọ̀fẹ́ ni. Kò béèrè orúkọ, kò gba nọ́ńbà fóònù, kò sì sí ilé-ẹ̀kọ́ tó lè sanwó kí wọ́n gbé e sókè ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ìdájọ́ wa nìyí kí ẹ tó kà síwájú: bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti iye tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ yín, a kò rí ibi tó dára tó o. Bó bá jẹ́ ti ohun tí wọ́n ń fi owó náà ṣe, kò sọ ọ́ rárá. Inú ìwé méjì mìíràn lẹ ó ti rí ìyẹn, a ó sì ṣàlàyé bí ẹ ṣe máa kà wọ́n.

Ohun tó mú kó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ni ibi tí àwọn nọ́ńbà rẹ̀ ti ń wá. Gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń gba ẹ̀bùn owó tàbí ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ ni òfin mú ní dandan láti dáhùn ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní IPEDS lọ́dọọdún. Èyí tó bá kọ̀, owó ìtanràn ń dúró dè é. Nítorí náà, kì í ṣe ọ́fíìsì ìpolówó ilé-ẹ̀kọ́ ló kọ ohun tí ẹ ń kà. Àléébù ibẹ̀ ni pé ìròyìn náà máa ń pẹ́ kó tó dé. Iye tí wọ́n kọ síta máa ń súnmọ́ ti lọ́ọ́lọ́ọ́, ṣùgbọ́n iye tí àwọn ìdílé san gan-an máa ń rẹ̀yìn ní ọdún kan tàbí méjì.

Lílò rẹ̀ kò le. Ẹ tẹ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ sínú àpótí ìwákiri, tàbí kí ẹ yan ìpínlẹ̀ àti iṣẹ́ tí ọmọ fẹ́ kọ́, kí ẹ wá tẹ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà nínú èsì tó bá jáde. Àkọlé tó lé ní mẹ́wàá ló wà lójú ewé kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ṣí bí ẹ bá tẹ̀ wọ́n. Ẹ fi àwọn yòókù sílẹ̀ ná, kí ẹ ṣí mẹ́ta: "Tuition, Fees, and Estimated Student Expenses", "Net Price", àti "Retention and Graduation Rates". Ẹ lè to ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn láti fi wọ́n wéra.

Àkọlé àkọ́kọ́ ń fi iye ọdún mẹ́rin hàn ní ìlà kan náà, pẹ̀lú ìdá tí iye náà fi lé láàárín ọdún méjì tó kẹ́yìn. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ilé-ẹ̀kọ́ tí kì í sinmi owó lílé. Owó ìkẹ́kọ̀ọ́ nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Ìwé, ilé gbígbé, oúnjẹ àti ìnáwó kéékèèké wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ ṣọ́ra níbi tí wọ́n ti pín akẹ́kọ̀ọ́ sí ọ̀nà mẹ́ta: ẹni tó ń gbé inú ọgbà, ẹni tó háyà ilé síta, àti ẹni tó ń ti ilé òbí lọ sí kíláàsì. Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta máa ń kéré gan-an, torí wọn kì í ka ilé àti oúnjẹ mọ́ ọn. Kì í ṣe pé ọmọ yẹn kò jẹun. Ẹ̀yin òbí lẹ ń bọ́ ọ. Bó bá sì jẹ́ yunifásítì ìpínlẹ̀, ẹ rí i dájú pé ìlà tó kàn yín lẹ ń kà. Gẹ́gẹ́ bí College Board, àjọ tó ni ìdánwò SAT, ṣe ṣírò rẹ̀ fún ọdún ẹ̀kọ́ 2024–25, ìpíndọ́gba owó ìkẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ìjọba ọlọ́dún mẹ́rin jẹ́ 11,610 dọ́là fún ọmọ ìpínlẹ̀, ó sì jẹ́ 30,780 fún ẹni tó wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn. Kíláàsì kan náà, olùkọ́ kan náà.

"Net Price" ni ọkàn ìkànnì yìí. Iye tí ọdún kan ń náni lápapọ̀ ni wọ́n mú, wọ́n wá yọ skọ́láṣípù àti ẹ̀bùn owó tí a kì í dá padà kúrò nínú rẹ̀. Wọn kì í yọ ẹ̀yáwó, ó sì dára bẹ́ẹ̀, torí gbèsè kì í ṣe ẹ̀dínwó. Wọ́n pín in sí ìpele márùn-ún gẹ́gẹ́ bí owó tó ń wọlé fún ìdílé lọ́dún: 0 sí 30,000 dọ́là, 30,001 sí 48,000, 48,001 sí 75,000, 75,001 sí 110,000, àti 110,001 sókè. Ìlà tiyín nìkan ni kí ẹ wò. Ìlà tó da gbogbo ènìyàn pọ̀ lè ṣi yín lọ́nà, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ olówó kún inú rẹ̀ lè dà bí ọ̀wọ́n nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó ń gba 40,000 dọ́là kì í san tó ìdá mẹ́rin iye yẹn níbẹ̀.

Ó ní ibi tí ìlà yìí kò dé o. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì fún ìgbà àkọ́kọ́, tó sì ń ṣe é ní kíkún, ni wọ́n kà, àti nínú wọn náà, kìkì àwọn tó rí ìrànwọ́ owó gbà. Ọmọ tó bá lo ọdún méjì ní community college (kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì) kó tó kọjá sí yunifásítì kò sí nínú ìṣirò náà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀ kì í fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní skọ́láṣípù tó tó ti ẹni tó bá wọn bẹ̀rẹ̀. Bákan náà ni ti ọmọ tó ń bọ̀ láti Èkó tàbí Ìbàdàn pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní F-1. Kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀bùn owó tàbí ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀, nítorí náà "Net Price" kì í ṣe tirẹ̀. Irú ìdílé bẹ́ẹ̀, ìlà àwọn tó wá láti ìta ìpínlẹ̀ ní abẹ́ àkọlé àkọ́kọ́ ni kí wọ́n kà, kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ bóyá owó mìíràn wà tí àwọn àlejò nìkan ń san. Iye ọdún àkọ́kọ́ lódindi ni wọn yóò fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn kí wọ́n tó lè rí ìwé I-20 tí wọ́n fi ń béèrè físà náà gbà.

Àkọlé kẹta, ti ìparí ẹ̀kọ́, ni àwọn ènìyàn máa ń fò, bẹ́ẹ̀ owó ńlá wà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà tó máa kọ́kọ́ hàn sí yín, tí wọ́n pè ní "overall graduation rate", ọdún mẹ́fà ló ń kà fún ìwé ẹ̀rí tó yẹ kó gba ọdún mẹ́rin. Ẹ sún sísàlẹ̀ títí ẹ ó fi rí ti ọdún mẹ́rin gan-an. Ilé-ẹ̀kọ́ tí iye rẹ̀ kéré díẹ̀ ṣùgbọ́n tí ọmọ ń lo ọdún márùn-ún níbẹ̀ lè gbà jù ti èyí tó dà bí ọ̀wọ́n tí ọmọ ń parí lásìkò.

Iye tí wọ́n kọ síta àti iye tí wọ́n ń gbà

Òbí tó bá ń gbọ́ pé owó kọ́lẹ́ẹ̀jì ń lọ sókè, iye tí wọ́n kọ síta ni wọ́n sábà ń sọ fún un. Ìyẹn kọ́ ni àpò ilé-ẹ̀kọ́ ń rí. Ní 2024–25, ìpíndọ́gba owó ìkẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì àdáni tí kì í ṣe ti èrè jẹ́ 43,350 dọ́là lórí ìwé. College Board fojú bù ú pé 16,510 ni ọmọ ọdún kìn-ín-ní ń san lẹ́yìn ẹ̀bùn owó. Ní yunifásítì ìjọba, 11,610 yẹn bọ́ sí 2,480 fún ọmọ ìpínlẹ̀, bí a bá sì yọ ti ọ̀wọ́n-gógó kúrò, iye tó ń san gan-an yìí ti ń wálẹ̀ láti 2012–13. Owó ìkẹ́kọ̀ọ́ nìkan nìyẹn o, ilé àti oúnjẹ kò sí nínú rẹ̀. NACUBO, ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú owó ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ń ṣèwádìí lórí ẹ̀dínwó yìí láàárín àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àdáni. Nínú ọgọ́rùn-ún dọ́là tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ọmọ tuntun, ó lé ní 50 tí ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ń dá padà.

Kí ló dé tí wọn kò kúkú kọ iye kékeré sílẹ̀? Ìdí ni pé òbí máa ń rò pé ohun tó wọ́n ló dára, inú ọmọ sì máa ń dùn sí ìwé tó sọ pé ó gba skọ́láṣípù 25,000. Àwọn tó lè san án pé, ìyẹn àwọn olówó, àwọn tó wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn àti àwọn àlejò, ni owó wọn ń ti àwọn yòókù lẹ́yìn. Ọgbọ́n ọjà ni. Ewu rẹ̀ wà ní ọdún kejì, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń ṣubú, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ ṣírò rẹ̀.

Ká ní iye gbogbo ọdún kan jẹ́ 60,000 dọ́là, skọ́láṣípù ọmọ jẹ́ 35,000, ẹ̀yin yóò san 25,000. Ìwé skọ́láṣípù sọ pé 35,000 lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́rin, kò sọ pé yóò máa pọ̀ sí i. Ilé-ẹ̀kọ́ wá fi ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún lé iye tí wọ́n kọ síta. Ọdún kejì di 62,400, ẹ̀yin yóò san 27,400. Ọdún kẹta di 64,896, tiyín di 29,896. Ọdún kẹrin di 67,492, tiyín di 32,492. Ìdá 4 ni wọ́n kéde nínú lẹ́tà wọn, ṣùgbọ́n ní ọdún kejì nìkan, ohun tó jáde lápò yín ti fi ìdá 9.6 pọ̀ sí i. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹrin, ó ti fi ìdá 30 ju ti ọdún àkọ́kọ́ lọ. Àpapọ̀ ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 114,788, kì í ṣe 100,000 tí ẹ rò. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: ìdá tí wọ́n fi lé owó ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, tí College Navigator fi hàn yín, òun ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò yìí kí ẹ tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ibi tí College Navigator ti dákẹ́

Gbogbo ohun tí a ti sọ láti òkè wá, iye tí wọ́n ń gbà ni. Ní ti bí wọ́n ṣe ń ná an, ẹ wá gbogbo ojú ewé College Navigator, ẹ kò ní rí i. Ó sì dun ni, torí ọ́fíìsì kan náà ló ní ìròyìn yẹn lọ́wọ́. Ẹ lọ sí nces.ed.gov/ipeds, ẹ wá "Look Up an Institution", ẹ tẹ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́. Data Feedback Report rẹ̀ wà níbẹ̀, ìwé tó fi ilé-ẹ̀kọ́ náà wé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwòrán ìnáwó lórí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó ṣí ìdáhùn ilé-ẹ̀kọ́ náà gan-an, kó yan ọdún, kó yan "Finance".

Àwọn orúkọ tó wà níbẹ̀ kò túmọ̀ sí ohun tí etí kọ́kọ́ gbọ́. "Instruction" ni owó kíkọ́ni, owó oṣù olùkọ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwádìí tí olùkọ́ ń ṣe nínú ẹ̀ka rẹ̀ láìsí owó ìta tún wà nínú rẹ̀. "Research" ni ìwádìí tí ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ fún lówó, kì í ṣe owó ọmọ yín ló sábà ń gbé ìyẹn. Ẹ má bínú sí yunifásítì ńlá nítorí pé ìlà yìí tóbi. "Academic support" ni ilé ìkàwé, kọ̀ǹpútà àti ọ́fíìsì àwọn díìnì. "Student services" ni ìgbaniwọlé, ìtọ́jú àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ìgbani-nímọ̀ràn, nígbà mìíràn eré ìdárayá pẹ̀lú. "Institutional support" ni ọ́fíìsì ààrẹ ilé-ẹ̀kọ́, amòfin, akáúńtáǹtì, àwọn tó ń gba àwọn òṣìṣẹ́ síṣẹ́, àti àwọn tó ń wá owó lọ́wọ́ àwọn olóore. "Auxiliary enterprises" ni ilé gbígbé àti ilé oúnjẹ, èyí tó yẹ kó máa bọ́ ara rẹ̀.

Ẹ mú ìlà "Instruction", ẹ pín in fún iye akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n pè ní FTE, ìyẹn iye tí a rí lẹ́yìn tí a ti sọ àwọn tó ń ṣe ìdajì àsìkò di odindi. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún "Institutional support". Ẹ padà sí ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ẹ tún un ṣe. Bí ìlà kejì bá ń sáré ju ìkíní lọ láìdúró, ohun tó yẹ ní bíbéèrè wà níbẹ̀. Àmọ́ ìdẹkùn kan wà tó ti mú àwọn akọ̀ròyìn pàápàá: ìtọ́jú ilé, èlé gbèsè, àti iye tí ilé àti ẹ̀rọ fi ń gbó lọ́dọọdún, wọn kì í dá dúró nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí. Wọ́n máa ń fọ́n wọn ká sórí gbogbo ìlà. Nítorí náà ilé-ẹ̀kọ́ tó kọ́ ilé sáyẹ́ǹsì tuntun lè dà bí ẹni tó ń náwó sí i lórí kíkọ́ni, nígbà tó jẹ́ pé báńkì ló ń sanwó fún. Láti mọ òótọ́, ẹ wo tábìlì tó pín ìnáwó sí owó oṣù, owó ìfẹ̀yìntì àti ìnṣọ́ránsì, èlé, àti ìgbó ilé.

Ìwé kejì ni Form 990, èyí tí ilé-ẹ̀kọ́ àdáni tí kì í ṣe ti èrè ń fi ránṣẹ́ sí IRS, ọ́fíìsì owó orí ìjọba àpapọ̀, tó sì jẹ́ ti gbogbo ayé láti kà. Nonprofit Explorer, ìkànnì tí ilé-iṣẹ́ ìròyìn ProPublica ṣe, ni ibi tó rọrùn jù láti rí i. Ẹ tẹ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ nìkan. Part VII ń dárúkọ àwọn ọ̀gá àti iye tí wọ́n ń gbà. Ẹ má pẹ́ jù níbẹ̀. Owó oṣù ààrẹ ilé-ẹ̀kọ́ máa ń múni gbaná, ṣùgbọ́n bí a bá pín in fún ẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá, kì í ṣe òun ló gbé owó ìkẹ́kọ̀ọ́ ga. Part IX ni ẹran wà: ìlà 12 ni ìpolówó, ìlà 20 ni èlé, ìlà 22 ni ìgbó ilé àti ẹ̀rọ. Ní ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀, ẹ̀dínwó tí wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ wà ní ìlà 2 bí ẹni pé owó tí wọ́n ná ni. Ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó sọ pé ìnáwó wọn pọ̀. Schedule D, Part V, ń ṣàlàyé endowment, owó ńlá tí àwọn olóore kó sílẹ̀ tí èrè rẹ̀ ni wọ́n ń ná, ó sì ń sọ ìdá tó wà lábẹ́ àṣẹ ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ àti ìdá tí olóore ti so mọ́ iṣẹ́ kan títí láé. Ìyẹn ló ń dáhùn ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn ń béèrè, pé kí ló dé tí ilé-ẹ̀kọ́ olówó bẹ́ẹ̀ kò sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́. Apá tó pọ̀ nínú owó yẹn, ẹni tó fi sílẹ̀ ti sọ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi ṣe. Yunifásítì ìpínlẹ̀ kì í sábà kọ Form 990, IPEDS lẹ ó gbára lé fún wọn.

Ohun tó ń ti iye náà sókè

Bí ẹ bá ka àwọn ìwé wọ̀nyí fún ilé-ẹ̀kọ́ bíi mélòó kan, ẹ ó rí i pé ọ̀tá kan ṣoṣo kọ́ ló wà níbẹ̀. Owó oṣù àti ohun tó rọ̀ mọ́ ọn ló ń kó apá tó pọ̀ jù níbi gbogbo. Láàárín àwọn ọdún 1960 ni William Baumol àti William Bowen ti ṣàlàyé èyí: iṣẹ́ tí ẹ̀rọ kò lè mú yá, owó rẹ̀ kò ní yé lọ sókè, torí ẹni tó ń ṣe é gbọ́dọ̀ gba iye tó súnmọ́ ti ẹgbẹ́ rẹ̀ níbòmíràn. Olùkọ́ tó ń ka àròkọ ogún akẹ́kọ̀ọ́ tó sì ń kọ àtúnṣe sí etí ìwé ń lo wákàtí kan náà tí ẹni ìṣáájú rẹ̀ lò. Ìnṣọ́ránsì ìlera àwọn òṣìṣẹ́ tún wà lórí ìyẹn.

Ní yunifásítì ìjọba, ohun tó fa á jù ni ọwọ́ tí ìpínlẹ̀ fà sẹ́yìn. Lẹ́yìn tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní 2008, ìpínlẹ̀ púpọ̀ gé owó tí wọ́n ń fún yunifásítì, wọ́n sì gbé àlàfo náà lé akẹ́kọ̀ọ́ lórí. Owó ìkẹ́kọ̀ọ́ lè lọ sókè láìjẹ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ ná kọ́bọ̀ kan sí i. Ẹ lè rí èyí nínú IPEDS: ẹ wo ìdá tí "State appropriations" kó nínú owó tó wọlé, kí ẹ fi ti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn wé e.

Gbèsè ilé kíkọ́ ni èyí tó ń bani lẹ́rù jù lójú tiwa, torí a kì í rí i títí ọjọ́ á fi lọ. Cooper Union ní New York ni àpẹẹrẹ tó ṣe kedere jù. Peter Cooper dá a sílẹ̀ ní 1859, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ kò fi san owó ìkẹ́kọ̀ọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ló ni ilẹ̀ tí Chrysler Building dúró lé, owó ilẹ̀ yẹn sì ni òpómúléró rẹ̀. Ní 2006, wọ́n fi ilẹ̀ náà dúró, wọ́n yá 175 mílíọ̀nù dọ́là, ilé tuntun kan sì jáde nínú rẹ̀ tí wọ́n ṣí ní 2009. Nǹkan dojú rú ní 2008, ṣùgbọ́n gbèsè kò mọ̀ pé nǹkan dojú rú. Ní 2013 wọ́n kéde pé owó ìkẹ́kọ̀ọ́ yóò bẹ̀rẹ̀, àwọn tó wọlé ní 2014 ló kọ́kọ́ san án. Ní 2018 wọ́n gbé ètò ọdún mẹ́wàá kalẹ̀ láti dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ padà, wọ́n ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ka ìlà èlé lásìkò yẹn ì bá ti rí i tó ń bọ̀. Bí ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ yín fẹ́ bá ti ta bọ́ǹdì, ìyẹn ìwé gbèsè tí wọ́n fi ń yáwó lọ́wọ́ ará ìta, ìwé bọ́ǹdì náà wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní emma.msrb.org, ó sì sábà máa ń ní ìsọfúnni nípa iye akẹ́kọ̀ọ́ àti owó tó ń wọlé, tó ṣe kedere ju èyí tí wọ́n ń fún òbí lọ.

Eré ìdárayá ńkọ́? Ilé-ẹ̀kọ́ díẹ̀ ló ń jèrè nínú rẹ̀. Níbi tó kù, owó akẹ́kọ̀ọ́ ló ń dí àlàfo náà, nígbà mìíràn gẹ́gẹ́ bí "athletic fee" lórí ìwé owó. Ìkànnì ope.ed.gov/athletics ń fi iye tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ń ná lórí eré kọ̀ọ̀kan hàn. Ẹ tún wò ó dáadáa báyìí, torí láti ìgbà tí ilé-ẹjọ́ ti fọwọ́ sí àdéhùn ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní House pẹ̀lú NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá kọ́lẹ́ẹ̀jì, ní oṣù kẹfà 2025, ilé-ẹ̀kọ́ tó bá wọ inú rẹ̀ lè san tó 20.5 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún fún àwọn eléré rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́, owó náà sì gbọ́dọ̀ ti ibì kan wá.

Àwọn kan ní ẹ̀yáwó ìjọba ló ń gbé iye sókè, gẹ́gẹ́ bí William Bennett, ẹni tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, ti sọ ní 1987. Ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún èrè. Stephanie Cellini àti Claudia Goldin rí i pé àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìjọba nínú wọn ń gbà ju àwọn tí kò lẹ́tọ̀ọ́ lọ ní ohun tó lé ní ìdá 70, fún ẹ̀kọ́ tó jọra. Ní yunifásítì ìpínlẹ̀ àti àdáni yòókù, ọ̀rọ̀ náà kò ṣe tààrà bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń sọ pé kò sí ohun tí a lè ṣe sí i, kí wọ́n wo Purdue ní Indiana. Láti 2013 tí Mitch Daniels ti di ààrẹ rẹ̀, owó ìkẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ìpínlẹ̀ dúró sí 9,992 dọ́là, kò kúrò níbẹ̀ títí ó fi lé ní ọdún mẹ́wàá. Wọ́n rí i ṣe torí wọ́n gba akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ sí i, láti bíi 39,000 títí ó fi kọjá 50,000, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tuntun wá láti ìta, tí wọ́n sì ń san ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n fi san án náà wà: ilé gbígbé di ọ̀wọ́n. Ìdí nìyí tí "Net Price" fi dára ju owó ìkẹ́kọ̀ọ́ lásán lọ, ilé wà nínú rẹ̀.

Àwọn irinṣẹ́ yòókù, àti ibi tí a dúró sí

College Scorecard, tí ìjọba gbé jáde ní ìrísí tuntun ní 2015, rọrùn lójú ju College Navigator lọ, òun ló sì ń sọ iye tí àwọn tó jáde ń gbà níbi iṣẹ́ àti gbèsè tí wọ́n kó jáde. Ẹ lò ó fún ìyẹn. Fún iye owó, ìkànnì tí à ń yẹ̀ wò yìí kún jù ú lọ.

Net Price Calculator, ojú ewé tó ń fojú bu iye tí ìdílé yín yóò san, ni èkejì rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù. Òfin 2008 ló mú un ní dandan, gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tó ń gba owó ìjọba gbọ́dọ̀ ní in lórí ìkànnì tirẹ̀ láti oṣù kẹwàá 2011. Dídára rẹ̀ kò dọ́gba. Èyí tó bá béèrè ìbéèrè díẹ̀ tó sì fún yín ní èsì láàárín ìṣẹ́jú méjì, àárín gbùngbùn àwọn tó dà bíi yín ló mú wá. Èyí tó bá béèrè owó orí yín, iye ọmọ tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, àti máàkì ọmọ, òun ló súnmọ́ òótọ́. Ẹ tẹjú mọ́ ọdún tí wọ́n fi ṣe ìṣirò náà. Àwọn kan ń lo iye ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Lẹ́tà ìrànwọ́ owó tó máa tẹ̀lé ìgbaniwọlé ni kí ẹ fi gbogbo èyí yẹ̀ wò. GAO, ọ́fíìsì tó ń ṣàyẹ̀wò owó fún ilé aṣòfin Amẹ́ríkà, sọ ní 2022 pé ìdá 91 nínú ọgọ́rùn-ún kọ́lẹ́ẹ̀jì ni kì í kọ iye tó kù sínú lẹ́tà yìí, tàbí tí wọ́n ń kọ ọ́ kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á yọ ẹ̀yáwó mọ́ skọ́láṣípù, tàbí kí wọ́n fi ilé àti oúnjẹ sílẹ̀ láìkà. Ẹ gé ẹ̀yáwó kúrò, ẹ dá ilé àti oúnjẹ padà, kí ẹ tún un ṣírò.

Ohun kan ń kọ wá lóminú nípa College Navigator. Ní oṣù kẹta 2025, Ẹ̀ka Ètò Ẹ̀kọ́ dá òṣìṣẹ́ púpọ̀ dúró, NCES sì wà lára àwọn tó fara gbá a jù. Kí ẹ tó gba nọ́ńbà kankan gbọ́, ẹ wo ọdún tí wọ́n kọ sórí tábìlì náà. Bó bá ti kọjá ọdún méjì, ẹ pe ilé-ẹ̀kọ́.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, a fún un ní máàkì mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Méjì tí a yọ jẹ́ ti ìnáwó tí kò fi hàn, àti ti ọmọ tó ń ti community college bọ̀ tí kò kà. Lílò rẹ̀ tún wá ṣe pàtàkì nísinsìnyí torí òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù keje 2025: láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje 2026, òbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í yá Parent PLUS, ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ fún òbí, kò ní lè yá ju 20,000 dọ́là lọ lọ́dún lórí ọmọ kan, tàbí 65,000 lápapọ̀. Ìdílé tí ìṣirò rẹ̀ ní òkè yìí já sí 114,788 kò lè fi ẹ̀yáwó òbí nìkan parí rẹ̀ mọ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n ní ọdún àkọ́kọ́.

Bí ẹ bá ti ní nọ́ńbà tiyín lọ́wọ́, ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìrànwọ́ owó, kí ìdáhùn náà lè wà lákọsílẹ̀. Ẹ béèrè bóyá skọ́láṣípù yóò pọ̀ sí i nígbà tí wọ́n bá fi owó lé iye, máàkì tí ọmọ kò gbọ́dọ̀ jábọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ kó má bàa pàdánù rẹ̀, bóyá ó dúró fún ọdún karùn-ún tí ọmọ bá yí ẹ̀kọ́ padà, àti iye tí "fees" fi pọ̀ sí i ní ọdún mẹ́ta tó kọjá. Bí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn tó jọ ọ́ bá fún ọmọ ní jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ so lẹ́tà rẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì sọ iye tí ẹ lè san gan-an.